Bí A Ṣe Ń Wọn Gíga Ọmọbìnrin Tó Ń Bàlágà

Téèpù irin bíríkìlà ni kí ẹ lò. Ti télọ̀ a máa nà bó bá pẹ́, á wá sọ ọmọ di kúkúrú ju bó ṣe rí lọ. Ẹ wá ògiri tí wọ́n rẹ́ dáadáa, tí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Bí ẹsẹ̀ ògiri bá yọ síta, bíi ti àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́, gìgísẹ̀ ò ní lè kàn án. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lo férémù ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ tó bá tú irun, kó tó tún un dì, ló dára jù, torí ṣùkú á jí sẹ̀ntímítà mélòó kan fún un. Kó bọ́ bàtà, kí gìgísẹ̀, ìdí àti èjìká kan ògiri, kó wo iwájú láìgbé àgbọ̀n sókè. Ẹ gbé ìwé líle lé e lórí pẹrẹsẹ, kí etí ìwé náà kan ògiri, ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìdajì sẹ̀ntímítà lọ, ẹ tún un ṣe. Àárọ̀ ni kó máa jẹ́, torí ara máa ń fi bíi sẹ̀ntímítà 1 kúrú kó tó di alẹ́. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ti tó, kí ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé kan. Ẹni tó ń wọn ọmọ lóṣooṣù, àṣìṣe ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀.

Kí ọmú tó yọ, 5 sí 6 sẹ̀ntímítà lọ́dún ni ọ̀pọ̀ wọn ń ga. Ọmú sábà máa ń yọ láàárín ọdún 8 sí 13, gíga á sì yára dé bíi sẹ̀ntímítà 8 lọ́dún. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé nǹkan oṣù ló ń bẹ̀rẹ̀ eré yìí. Rárá o: ìgbà tí eré bá ti ń rọlẹ̀ ló máa ń dé, ní bí ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmú yọ. Nítorí náà, bí ìwé ìwọ̀n bá fi hàn pé 8 lọ́dún yẹn ti ń wálẹ̀, kí pádì ti wà nílé àti nínú báàgì ilé-ìwé. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dé, bíi 5 sí 7 sẹ̀ntímítà ló sábà máa ń kù fún un láti ga. Ọmọ Ìgbò tí òbí rẹ̀ ń tajà ní Kabba, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, àti ọmọ Okun (Yorùbá ibẹ̀) tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì, ètò kan náà ni ara wọn ń tẹ̀lé. Ọdún tó ń bẹ̀rẹ̀ ló lè yàtọ̀.

Ẹ máa fún un ní ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́, kó fi ọsàn tẹ̀ ẹ́. Tíì àti kọfí, títí kan èyí tí wọ́n ń gbìn ní Kabba, kó jìnnà sí oúnjẹ ní wákàtí kan, torí wọn kì í jẹ́ kí ara rí èròjà irin (iron) inú oúnjẹ gbà dáadáa.

Ní ọdún àkọ́kọ́, nǹkan oṣù lè yí po láàárín ọjọ́ 21 sí 45. Kì í ṣe àìsàn. Èyí tó gba ilé ìwòsàn ni kí ọmú yọ ṣáájú ọdún 8, kó máà tíì yọ ní 13, kí nǹkan oṣù máà tíì dé ní 15, kí ẹ̀jẹ̀ kọjá ọjọ́ 7, tàbí kó máa rin pádì gbindingbindin láàárín wákàtí kan. Ẹ mú ìwé ìwọ̀n yẹn dání lọ.