Bí Mo Ṣe Tọ́jú Mẹ́dàlì Ogun Méjì àti Bọ́tìnì Ológun Tí Wọ́n Wú Jáde Nínú Ilẹ̀

Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé wa ni wọ́n gbé agolo kan fún mi, wọ́n ní kí n bá wọn wo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí n sì nù ún kí ó dán. Mẹ́dàlì ogun méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan funfun, èkejì ní àwọ̀ idẹ, pẹ̀lú bọ́tìnì kan àti ìdè bẹ́líìtì onírin tí wọ́n wú jáde nínú ilẹ̀, tí erùpẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ pẹ́kípẹ́kí. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe retí dídán. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fi oògùn ìnudẹ nu mẹ́dàlì kan tó jẹ́ tèmi títí ó fi ń dán gbinrin, nígbà tí mo sì yí etí rẹ̀ wò, lẹ́tà orúkọ ẹni tó gbà á ti pa rẹ́ débi pé kò ṣeé kà mọ́. Ó ṣì ń dùn mí di òní olónìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní nu ohunkóhun kí n tó mọ ohun tó jẹ́.

Mo kọ́kọ́ ya àwòrán iwájú, ẹ̀yìn àti etí ohun kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe wà nínú ìdọ̀tí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wọn mẹ́dàlì funfun náà, ó fẹ̀ tó mìlímítà 36, òòfà kò sì fà á. Mo yọ rìbọ́ọ̀nù rẹ̀, mo gbé e lé òṣùwọ̀n, ó wọn gíráàmù 32.1. Mo wá gbé ife omi lé òṣùwọ̀n kan náà, mo fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so mẹ́dàlì náà rọ̀ sínú omi láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀ ife, ohun tí òṣùwọ̀n sì fi kún ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ gíráàmù 3.1. Bí a bá fi 3.1, tó jẹ́ ìwọ̀n omi tí mẹ́dàlì náà gba ààyè rẹ̀, pín 32.1, a ó rí nǹkan bí 10.35, èyí tó bá fàdákà tí wọ́n fi bàbà díẹ̀ lù mu. Ká ní àpòpọ̀ bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni, èyí tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ mẹ́dàlì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ì bá wà ní àyíká 8.9. Bí àdánwò yìí ṣe rọrùn tó, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí kò ha ohunkóhun lára.

Iwájú rẹ̀ ní orí Ọba George Karùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ọkùnrin kan tó wà ní ìhòòhò lórí ẹṣin tó ń tẹ apata aláwòrán idì mọ́lẹ̀, pẹ̀lú ọdún 1914 àti 1918. British War Medal ni, mẹ́dàlì tí Bírítéènì fún àwọn ológun rẹ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1919. Ti aláwọ̀ idẹ ní obìnrin abìyẹ́, rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ òṣùmàrè méjì tó pàdé láàárín, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ogun ńlá fún ọ̀làjú ni, 1914 sí 1919. Victory Medal nìyẹn, mẹ́dàlì ìṣẹ́gun ogun kan náà. Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí, torí orílẹ̀-èdè tó jọ jagun náà pọ̀ tí wọ́n ṣe tiwọn pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù kan náà. Ọ̀rọ̀ àti ọdún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó fi hàn mí pé ti Bírítéènì ni.

Etí mẹ́dàlì ni ìtàn wà. Àwọn mẹ́dàlì onírìísí ìràwọ̀ tí Bírítéènì fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kejì kò ní orúkọ, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ nọ́ńbà, ipò, orúkọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun sí etí ti Ogun Àgbáyé Kìíní. Mo pa iná yàrá, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí etí náà láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè bọ́ sínú àwọn lẹ́tà. Oògùn ìnudẹ àtijọ́ ti gan sínú wọn bí ẹfun. Nígbà tí mo fi igi tín-ín-rín tí mo rẹ sínú omi yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà náà yọ, ó sì bá ti mẹ́dàlì kejì mu. Orúkọ etí náà tún bá èyí tó wà nínú ìwé àtijọ́ kan lọ́wọ́ bàbá náà mu. Ẹ̀dà káàdì àwọn tó gba mẹ́dàlì ogun yẹn wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni mo sì ti fìdí ipò rẹ̀ múlẹ̀. Bọ́ǹbù tó jó ilé ìkówèésí àwọn ológun ní 1940 ló run èyí tó ju ìdajì lọ nínú fáìlì àwọn sójà ogun náà, nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, káàdì yìí àti etí mẹ́dàlì ni ẹ̀rí tó kù.

Nínù kò pẹ́. Dúdú ara fàdákà jẹ́ fàdákà tí imí ọjọ́ (sulphur) inú afẹ́fẹ́ ti yí padà, ẹni tó bá sì ń ha á kúrò, ara mẹ́dàlì gan-an ló ń ha. Mo fi omi tí kò ní iyọ̀ nínú rárá, irú èyí tí wọ́n ń bù sí bátìrì, àti ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan, wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Mo ṣàn án, mo fi òwú gbẹ ẹ́, mo sì fi dúdú náà sílẹ̀. N kò lo ọṣẹ ìfọyín, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fíníga. Rìbọ́ọ̀nù kò fojú kan omi.

Bọ́tìnì náà ló gba àkókò mi jù. Bí bàbà ṣe ń jẹrà nínú ilẹ̀, ojú rẹ̀ àtijọ́ máa ń wà nínú èépá aláwọ̀ ewé náà gan-an, kì í ṣe lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ásíìdì bó èépá náà kúrò yóò kan ihò-ihò, àwòrán á sì ti lọ. Nítorí náà, erùpẹ̀ nìkan ni mo yọ, lábẹ́ awò tí ń mú nǹkan tóbi, fún alẹ́ mẹ́rin, títí kìnnìún àti ẹṣin oníwo kan fi yọjú ní ẹ̀gbẹ́ apata ọba, tí orúkọ ìlú Birmingham sì hàn lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi dùn kọjá sísọ. Àmọ́ lẹ́bàá ìdí rẹ̀, mo rí lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó ń ṣí dànù. Iyọ̀ inú ilẹ̀ ló fà á: tí ọ̀rinrin bá kàn án, yóò máa jẹ bàbà náà lọ láìdúró. Mo fi igi yọ lẹ́búlẹ́bú náà, mo sì gbé bọ́tìnì sínú ike tó dé pinpin pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké afàrinrin tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ wà lábẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìdè bẹ́líìtì náà kọjá agbára mi. Òòfà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á mọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ìpẹtà ti jẹ irin inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo fi í sílẹ̀ nínú erùpẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́.

Mo dá agolo náà padà pẹ̀lú ìwé tí mo kọ nọ́ńbà àti ipò náà sí, àti àwòrán tí mo yà ṣáájú. Bàbá ka orúkọ etí mẹ́dàlì náà sókè lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́tìnì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi nínú ike rẹ̀, tí mo ń ṣí wò lóṣooṣù. Ní oṣù kẹta, lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ tún yọ níbi ìdí rẹ̀, mo yọ ọ́, mo sì pààrọ̀ àwọn àpò afàrinrin náà.