Ìwé Kọ “First Published”, Ẹ Ti Sanwó: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Wá Àtẹ̀jáde Àkọ́kọ́

Bẹ́ ẹ bá ń wá àtẹ̀jáde àkọ́kọ́, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí ìwé kọ́kọ́ jáde, àṣìṣe tó ń jẹ owó èèyàn jù ni pé ẹ ṣí ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, ẹ rí “First published 1958”, ẹ sì kówó sílẹ̀. Ìgbà tí ìwé náà kọ́kọ́ jáde ni ìlà yẹn ń sọ, kò sọ ìgbà tí wọ́n tẹ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ka ojú ewé náà délẹ̀. Bí “Reprinted” tàbí “Second impression” bá wà nísàlẹ̀, wọ́n ti tún un tẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wo Things Fall Apart ti Chinua Achebe. William Heinemann ló gbé e jáde ní London lọ́dún 1958, páálí líle ni, pẹ̀lú bébà ìbòrí. Ti African Writers Series, ọ̀wọ́ ìwé àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà tí Heinemann ń tẹ̀, nọ́ńbà 1 nínú ọ̀wọ́ náà ni, ọdún 1962 ló dé, ẹlẹ́yìn rírọ̀ sì ni. Ẹ̀dà tó dáa láti ní ni o, àmọ́ owó àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ fi rà á. Ti McDowell, Obolensky, ilé ìtẹ̀wé kan ní New York, lọ́dún 1959, àkọ́kọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà nìkan.

Ẹ má sì sá fún lẹ́tà Róòmù. Nínú The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola, Faber, ilé ìtẹ̀wé tó gbé e jáde ní London, kọ ọdún rẹ̀ báyìí: mcmlii. M jẹ́ 1000, cm jẹ́ 900, l jẹ́ 50, ii jẹ́ 2, 1952 nìyẹn. Ti Grove Press ní New York, 1953 ni.

Ẹ má fi òfin ilé ìtẹ̀wé kan wọn òmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé Amẹ́ríkà, nọ́ńbà tó kéré jù lórí ìlà nọ́ńbà (àwọn nọ́ńbà tí wọ́n tò sí ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé) ló ń sọ ìgbà ìtẹ̀: bí 1 bá ṣì wà níbẹ̀, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, 2 ni ti Random House fi ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú “First Edition” lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n máa ń yọ bí wọ́n bá tún un tẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ju ojúlówó nù.

“First Edition” tún lè wà nínú ẹ̀dà ẹgbẹ́ òǹkàwé (book club), ìyẹn èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, tí kì í ṣe àtẹ̀jáde àkọ́kọ́. Ẹ wo etí ìbòrí bóyá iye owó wà níbẹ̀, torí ti ẹgbẹ́ kì í sábà ní in, kẹ́ ẹ fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ páálí ẹ̀yìn, nítòsí ibi tí wọ́n ti rán an: ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ àmì kékeré kan tó wọnú sí lára ẹ̀dà ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá fi sáàsì gé iye owó kúrò, ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí; ẹni tó fẹ́ fi ìwé tọrẹ náà máa ń gé e.

Ìbòrí gan-an lè wá láti ara ìtẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bó bá ń polówó ìwé tí òǹkọ̀wé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lẹ́yìn èyí, tàbí tí ìyìn ìwé ìròyìn lórí ìwé yìí gan-an bá kún ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fura.

Ní ti Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, orúkọ ilé ìtẹ̀wé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì) ní Èkó ló gbé e jáde lọ́dún 1938. Èyí tó bá ru orúkọ Nelson, ẹ̀yìn ló dé, bó ti wù kó gbó tó.