Bí mo ṣe yọ tọ́ọ̀mù tó há sínú báàsì

Ẹ̀yin tí dírọ́ọ̀mù yín jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń kì bọnú ara wọn, ẹ wò ó o. A lọ lùlù lóde kan n'Íjẹ̀bú-Òde, ìgbà tá a padà dé Ṣágámù tọ́ọ̀mù, ìyẹn ìlù tó kéré, ti há gádígádí sínú báàsì, ìyẹn ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù. Mo fà á, mo mì í, mo da ọṣẹ olómi sí i, kò gbọ́. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni pé mo fi kọ́kọ́rọ́ dírọ́ọ̀mù tú awọ ẹ̀yìn báàsì kúrò, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀, àṣé irin ẹ̀gbẹ́ tọ́ọ̀mù ló kọ́ orí síkúrúù báàsì nínú lọ́hùn-ún, mo bá yí i sósì díẹ̀, mo fàtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í látẹ̀yìn, ló bá yọ wọ̀ọ̀! Inú mi dùn gan-an. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó ti ń kọjá. Tiyín lè máà rí bẹ́ẹ̀ o, torí síkúrúù wọn ò dọ́gba.