Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH (yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkòròdú) tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ gbọ́ o

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bí ìdánwò bá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, tí bọ́ọ̀lù sì wà ní Ọjọ́rú, àárọ̀ Ọjọ́rú ni kí ẹ ti kàwé. Ẹni tó ní òun máa kà á lálẹ́ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, oorun ló máa gbé e lọ. Ẹ gbé aṣọ àti bàtà bọ́ọ̀lù yín dání láti àárọ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ṣágámù kò jẹ́ kéèyàn lè sáré délé padà.

Bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ aago 4, ẹ jẹ ìrẹsì tàbí iṣu ní aago 1. Ẹ̀wà àti ọbẹ̀ tó lépo púpọ̀ kì í tètè dà.

Bí ẹ bá làágùn gan-an, omi lásán kò tó. Ẹ da píọ̀ wọ́tà 2 tó jẹ́ ìlàjì lítà kọ̀ọ̀kan sínú ike tó mọ́, kí ẹ fi ṣíbí kékeré ṣúgà 6, tí kò ga lórí, àti ìlàjì ṣíbí kékeré iyọ̀ kan ṣoṣo sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú díwọ̀n iyọ̀ náà! Bó bá pọ̀ jù, ṣe ló máa tún fa omi kúrò lára.

Bàtà tó bá rin, ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi atẹ́gùn lábẹ́ òjìji. Oòrùn ló ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣí.