Ẹ má ṣe nǹkan wọ̀nyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn yín o, ara ohun tó ń sọ àǹtíbáyọ́tíìkì, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, di omi nìyẹn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aláìsàn lọ́sibítù lọ́wọ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ojú abẹ yẹn kọ̀ kò jinná, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún wọn ò ràn án rárá, ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nǹkan tá a rò pé ìtọ́jú ni, agbára là ń fi lé kòkòrò lọ́wọ́.

Ẹ má da oògùn kápúsù sójú egbò. Ìyàwó kan wà lọ́ọ̀ọ́kán wa tó ń tọ́jú ọkọ ẹ̀, bí nọ́ọ̀sì bá ti yísẹ̀ báyìí á ká báńdéèjì sókè díẹ̀, á já tẹ́trà méjì, oní pupa àti yẹ́lò yẹn, á wọ́n ìyẹ̀fun ẹ̀ síbẹ̀. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn nìyẹn. Àmọ́ oògùn tí ò dé ibi gbogbo, tí ò sì tó, ńṣe ló máa pa àwọn kòkòrò tó rọ̀, àwọn tó le á ṣẹ́kù, àwọn ni wọ́n á sì máa bí sí i, kòkòrò míì wà tí ọ̀kan á pín sí méjì láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú péré! Alexander Fleming tó ṣàwárí àǹtíbáyọ́tíìkì tó ń jẹ́ penicillin lọ́dún 1928 ti sọ ọ́ lọ́dún 1945 nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel, pé ẹni tó bá ń lo èyí tí ò tó, ńṣe ló ń kọ́ kòkòrò bí wọ́n á ṣe máa yè é.

Èyí tó dùn mí jù nìyí o. Dókítà ní kí wọ́n mú ọyún ojú egbò màmá mi lọ sí lábù, bùọ̀dá mi yarí, wọ́n ní owó ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa, kí wọ́n ṣáà gún abẹ́rẹ́ tó lágbára jù fún wọn. Ẹ má bẹ dókítà fún abẹ́rẹ́ tó lágbára, ẹ má sì kọ tẹ́ẹ̀sì yẹn. Wọ́n á pa ọyún náà sójú àwo kékeré, wọ́n á to bébà tín-ín-tìn-tín tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn oríṣiríṣi sórí ẹ̀, tó bá dọjọ́ kejì, èyí tó lágbára, àyíká bébà ẹ̀ á mọ́ kedere, èyí tí ò lágbára, kòkòrò á hù dé ẹsẹ̀ ẹ̀. Nígbà tá a gbà nígbẹ̀yìn, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Klebsiella ni wọ́n rí, R ló kún ìwé yẹn látòkè délẹ̀, ìyẹn ni pé oògùn yẹn ò ràn án, S, ìyẹn èyí tó lè ràn án, méjì péré ló wà níbẹ̀. Ceftriaxone tí wọ́n ti ń gún látọjọ́ yìí, R ni! Kòkòrò yẹn ní nǹkan tó ń tú jáde tó ń ba oògùn yẹn jẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, ó sì lè fi ọgbọ́n náà ránṣẹ́ sí kòkòrò míì tí wọn ò tiẹ̀ jọ jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Ẹ má sì fún aláìsàn ní oògùn tẹ́ ẹ rà ní kẹ́mísì kí wọ́n tó gba ọyún yẹn, torí ó lè jẹ́ kí wọ́n má rí kòkòrò náà mọ́.

Rọ́bà ìtọ̀ ńkọ́? Ẹ má gbé àpò ẹ̀ ga ju ìbàdí aláìsàn lọ, ìtọ̀ á padà sínú, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n ṣì nílò ẹ̀, torí bó bá ṣe ń pẹ́ lára tó ni kòkòrò á ṣe máa kó síbẹ̀.

Ọwọ́ wa ló ń gbé àwọn kòkòrò yìí láti bẹ́ẹ̀dì kan dé èkejì. Ẹ má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má fọwọ́ kan báńdéèjì, tí omi ò bá yọ ní wọ́ọ̀dù, ẹ ra sánítáísà kékeré sápò, ẹ fi pa ọwọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn, ẹ tún fi pa á tẹ́ ẹ bá ṣe tán.