Bí sátẹ́láìtì àdánwò ṣe ń di ohun èlò ọmọ ogun

Pé sátẹ́láìtì àdánwò ṣiṣẹ́ lókè kò ní kí ọmọ ogun lò ó. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an tí kò sì kúrò lọ́wọ́ àwọn oníwádìí títí ó fi jóná. Ẹ̀rọ kọ́ ló kùnà. Kò sí ẹni tó ti ń dúró láti gbà á ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó de bóòtù kan ṣoṣo, ẹ wá ikọ̀ tí yóò máa lò ó. Kì í ṣe ọ̀gá àgbà tó gbóríyìn fún yín nínú ìpàdé o. Àwọn tó máa jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru ni mò ń wí. Ẹ jọ tọwọ́ bọ̀wé. Kí ìwé náà sọ ọjọ́ tí wọn yóò gbà á, ẹni tí yóò máa darí rẹ̀, ẹni tí yóò máa sanwó ìtọ́jú, àti èsì ìdánwò tí wọn yóò fi gbà á. "Kó dáa" kì í ṣe èsì. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí àwòrán gbọ́dọ̀ fi dé ọwọ́ ọmọ ogun, àti ẹ̀ẹ̀melòó nínú mẹ́wàá.

Owó ló tún ń pa iṣẹ́ yìí. Ọdún ìṣúná Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n ó máa ń tó ọdún méjì ṣáájú kí àwọn ológun tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ohun tí wọn yóò béèrè. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí sátẹ́láìtì bá gòkè kó tó béèrè owó ti pẹ́. Owó ọ̀hún kò sì jọra: ti ìwádìí ń lo ọdún méjì kó tó kásẹ̀, ti ìrajà ń lo mẹ́ta, ti iṣẹ́ ojoojúmọ́ kì í ju ẹyọ kan. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi owó ìwádìí bọ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ní ti kọ́ńtíráàkì, abala 4022 nínú ìwé òfin kẹwàá ti Amẹ́ríkà ló gba àwọn ológun láyè láti ra ẹ̀rọ àdánwò láìtẹ̀lé gbogbo ìlànà ìrajà. Bí ilé iṣẹ́ bá figagbága láti rí iṣẹ́ náà, tó sì parí àdánwò dáadáa, wọ́n lè gbé iṣẹ́ ńlá tó kàn fún un láìtún pe ẹlòmíì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó kàn yẹn sínú àdéhùn àkọ́kọ́. Ní 2018, GAO, tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò, dá Oracle, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó fẹjọ́ sùn, láre lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà: àwọn ológun kò kọ iṣẹ́ tó kàn sínú àdéhùn àkọ́kọ́, wọn kò sì tíì parí àdánwò.

Ilẹ̀ ni wàhálà gan-an wà. Láti 2005 ni sátẹ́láìtì GPS tó lè rán M-code, àmì tí ọ̀tá kì í rọrùn láti dí, ti ń gòkè. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ̀rọ tó lè gbà á ṣì ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ ọmọ ogun. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ọmọ ogun ti ní lọ́wọ́ lè gba iṣẹ́ yín. Ẹ tètè kó ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú lọ fún NSA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí ìfọwọ́sí wọn máa ń pẹ́, ẹ kò sì lè gòkè lọ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ kọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí sátẹ́láìtì bá pa iṣẹ́ tì láti dáàbò bo ara rẹ̀: nọ́ńbà wo ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, àṣẹ wo ni kí wọ́n rán, kí ló yẹ kó fèsì, kí ni kí wọ́n ṣe bí kò bá fèsì. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọmọ iṣẹ́ tí kò bá yín ṣiṣẹ́ rí ní ìwé náà. Bó bá dá dúró tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ yín, ìwé náà kò tíì pé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àdánwò, orí ẹnì kan ṣoṣo ni ìmọ̀ yìí wà.

TacSat-3, sátẹ́láìtì àdánwò kan, já a. Oṣù karùn-ún 2009 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì Minotaur gbé e láti Wallops ní Virginia, pẹ̀lú ẹ̀rọ àwòrán ARTEMIS. Wọ́n ti ṣe é kó lè rán iṣẹ́ tààrà sí àwọn tó wà lójú ogun, nítorí náà, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, Air Force Space Command, ẹ̀ka ológun òfuurufú tó ń lo sátẹ́láìtì nígbà náà, gbà á. Ó jóná ní 2012.

Ní oṣù kẹsàn-án 2023, Victus Nox, sátẹ́láìtì àdánwò tí ológun Amẹ́ríkà fi dán ìyára wò, gbéra ní wákàtí 27 lẹ́yìn tí àṣẹ dé, ó sì ṣe tán láti ṣiṣẹ́ ní wákàtí 37 lẹ́yìn tó dé òkè. Wákàtí 27 yẹn làwọn èèyàn ń pariwo, ṣùgbọ́n láti 2022 ni kọ́ńtíráàkì ti wà nílẹ̀.

Ẹ má sì dúró kí sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ parí iṣẹ́ kí ẹ tó ra ìkejì. Space Development Agency, àjọ ológun Amẹ́ríkà tó ń ra sátẹ́láìtì, fi ọdún méjì méjì ṣètò ọ̀wọ́ sátẹ́láìtì tirẹ̀: ọ̀wọ́ àdánwò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní oṣù kẹrin 2023, ọ̀wọ́ tó wà fún iṣẹ́ gidi tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án 2025. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ra ti ìkejì kí àwọn ti àdánwò tó gbéra rárá.