Hilux mi tó ń kùn: bí mo ṣe tú dìfíréńṣà rẹ̀ palẹ̀ nínú àgbàlá wa

Oṣù mẹ́ta ni Hilux mi, ti 2003, fi ń kùn kí n tó dá a lóhùn. Bí mo bá ti kọjá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, húùùùn, bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọn ò tíì da àgbàdo sí. Rédíò ni mo kọ́kọ́ fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mẹkáníìkì kan ní táyà ni. Mo ra táyà ẹ̀yìn méjì, tuntun lẹ́ńlẹ́ńjẹ́. Ohùn náà ò mira. Owó táyà yẹn ló dùn mí tí mo fi ní n ó wá ìdí ọ̀rọ̀ fúnra mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, kí ọkọ̀ tó pọ̀, mo gbé e bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó. Àbúrò mi jókòó sẹ́yìn, ó gbé etí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ táyà ni, ohùn á yí padà bí a bá kúrò lórí ọ̀dà tó dán bọ́ sórí èyí tó ṣe gbágungbàgun. Kò yí. Bó bá jẹ́ bẹ́árìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni, á lọ sókè sódò bí mo ṣe ń yí ọkọ̀ díẹ̀ sósì, díẹ̀ sọ́tùn-ún. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Àmọ́ bí mo bá tẹ iná, ohùn á le. Bí mo bá yọ ẹsẹ̀, á rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bo ẹnu.

“Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ táyà o. Àárín gan-an ló ti ń bọ̀.”

Àárín ni dìfíréńṣà wà, àpótí irin tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ohùn náà sì tín-ín-rín, kì í ṣe èyí tó ń dún gbì-gbì. Kíráwùn tèmi, jíà ńlá inú rẹ̀, ní eyín 41; píníọ̀n, jíà kékeré tí pùròpélà (ọ̀pá gígùn láti iwájú) ń yí, ní 10, nítorí náà píníọ̀n á yí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ohun tó bá ń yára yí ni ohùn rẹ̀ máa ń tín-ín-rín. Bẹ́árìn píníọ̀n ni mo fura sí, pàápàá èyí tó sún mọ́ kíráwùn, nítorí òun ló ń gbé ẹrù nígbà tí a bá tẹ iná.

Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tù tí a fi ń da ọ́ìlì nù, ẹ kọ́kọ́ tú èyí tí a fi ń rọ ọ́ sí. Bí ti òkè bá ti dì pa, tí ti ìsàlẹ̀ sì ti ṣí, ọkọ̀ ò ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọ́ìlì tó jáde nínú tèmi ò tó ìdajì, ó sì funfun ráúráú bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí: omi ti wọ̀ ọ́. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ra á, ó ń dán yinrinyinrin, àwọn ègé irin wẹ́wẹ́ sì ń gún mi lára.

Ibo lomi ti wọlé? Fìlà kékeré kan wà lórí ásù, irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ ló ti ń mí. Mo tú u, mo fẹnu fẹ́ ẹ, atẹ́gùn ò kọjá. Ẹrẹ̀ ti dí i. Bí inú dìfíréńṣà bá gbóná tí kò rí ibi mí, á ti ọ́ìlì jáde gba ẹnu síìlì, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró. Bó bá tutù lójijì nínú àgbàrá, á fa omi wọlé. Fìlà tí kò tó ọmọ ìka yìí ló kó gbogbo wàhálà bá mi.

Ìtúpalẹ̀ ò le, ó kàn ń gba agbára ni. Mo gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ lé orí irin ìdúró méjì (jáákì nìkan kọ́ o, ẹ má dán an wò), mo sàmì sí pùròpélà kí n tó tú u, mo tú ẹnu páìpù bíréèkì, mo fa ṣáàfù méjèèjì tó ń yí táyà jáde. Nọ́ọ̀tù mẹ́wàá ló di dìfíréńṣà mú mọ́ ásù. Nígbà tó jábọ́ sọ́wọ́ wa, ó wúwo ju ìdajì àpò símẹ́ńtì lọ. Mo fi òòlù àti ìṣó sàmì sí ìdérí bẹ́árìn ti ọ̀tún àti ti òsì kí wọ́n má bàa pààrọ̀ ara wọn, torí wọn ò bára dọ́gba.

Ibi tí mo fura sí náà ló ti jẹrà. Bẹ́árìn ńlá ti píníọ̀n ti lu ihò wẹ́wẹ́ bí ojú tí ṣọ̀pọ̀nná bá jà. Eyín kíráwùn àti ti píníọ̀n ṣì mọ́. Ọpẹ́ ni, nítorí ìbejì ni àwọn méjèèjì, a kì í ra ọ̀kan láìra ìkejì.

Ní Àràrọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Agodi Gate, n’Ìbàdàn, ọ̀gbẹ́ni kan ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú mú odidi. Tòkunbọ̀ nì yí, kò ní kùn.” Ta ló mọ ohun tó wà nínú tòkunbọ̀? Mo ra bẹ́árìn mẹ́rin, síìlì, nọ́ọ̀tù píníọ̀n tuntun, àti kírọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo: páìpù irin kékeré tó ń rún nígbà tí a bá ń di nọ́ọ̀tù náà. Kan ṣoṣo yẹn ni àṣìṣe mi.

Mo gbé bẹ́árìn àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ní lẹ́ẹ̀tì àti puréèsì, ó yọ wọ́n, ó tẹ tuntun sí i. Wáṣà tó wà láàárín orí píníọ̀n àti bẹ́árìn, èyí àtijọ́ náà ni mo dá padà. Òun ló ń sọ bí píníọ̀n ṣe jìn tó sí kíráwùn. Èyí tó bá nípọn á tì í sún mọ́ ọn. Mo kọ́kọ́ tò ó láìfi kírọ́ọ̀ṣì sí i, mo fi ọ̀dà yẹ́lò tí mo pò mọ́ gíríìsì kun eyín kíráwùn mélòó kan, mo sì yí i. Ojú ibi tí eyín méjèèjì ti fara kanra wà láàárín gbùngbùn. Bó bá wọ ìdí eyín lọ ni, píníọ̀n ti sún mọ́ jù. Bó bá wà lórí ṣóńṣó, ó jìnnà jù.

Ìgbà tí mo wá fi kírọ́ọ̀ṣì sí i ni wàhálà dé. Èèyàn gbọ́dọ̀ di nọ́ọ̀tù náà títí píníọ̀n á fi le díẹ̀ láti yí: Nm (ìwọ̀n agbára ìyípo) 1.2 sí 1.9 fún bẹ́árìn tuntun. N kò ní irinṣẹ́ tó ń wọn ohun kékeré bẹ́ẹ̀. Mo wé okùn mọ́ ẹnu píníọ̀n, sẹ̀ǹtímítà 5 sí àárín, mo fi òṣùwọ̀n ìkọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹrù fà á. Kílò 2.5 sí nǹkan bí 3.8 ni mo ń wá. Mo fi irin gígùn di nọ́ọ̀tù, mo wọ̀n: 1. Mo tún dì í: 1.5. Mo ní kí n fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo wọ̀n ọ́n: 5.

Kò sí pé a fẹ́ tú u sẹ́yìn díẹ̀. Kírọ́ọ̀ṣì tó bá ti rún ti rún. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sí Àràrọ̀mí, mo ra méjì lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo bá ti yí i ní ìwọ̀n ọmọ ìka kan, n ó dúró, n ó fà á wò. Ó dúró sí 3.

Mo fi dáyà géèjì, òṣùwọ̀n olójú aago tí bàbá onílẹ́ẹ̀tì yá mi, wo àyè tó wà láàárín eyín: 0.13 sí 0.18 mílímítà ni kó jẹ́. Nọ́ọ̀tù ńlá méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí mo bá ti ń di ọ̀kan, n ó máa tú ìkejì. Ó jókòó sí 0.15. Mo di ìdérí bẹ́árìn ní Nm 78, a gbé e padà, mo rọ ọ́ìlì GL-5 80W-90 sí i títí ó fi ń ṣàn lẹ́nu ihò. Fìlà tuntun sì wà lórí ásù.

Ìrìn àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú ogún péré, mi ò sáré. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ kan ikùn dìfíréńṣà: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò jó mi. Ní kìlómítà 80, àbúrò mi ní òun gbọ́ bí nǹkan kan ṣe ń gbọ̀n gìrìgìrì. Jáákì ni, mo gbàgbé láti so ó mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn kìlómítà 800, mo da ọ́ìlì yẹn nù. Eérú dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lórí máńgínẹ́ẹ̀tì ẹnu nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀, kò sí ègé irin tó ń gúnni níbẹ̀. Mo nù ún, mo rọ tuntun sí i.